Ọjọ́ Mẹ́ta ní Granada pẹ̀lú Ọmọ Tí Kì í Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọ ọ̀dọ́langba nílé, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìsimi. Kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò sì tíì di àgbà. Bí a bá pè é kí ó wá jẹun, yóò ní ebi kò pa òun. Nígbà tí gbogbo ilé bá sùn tán, ẹ óò máa gbọ́ ìró ìkòkò nínú ilé ìdáná. Fóònù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, yàrá rẹ̀ ni ìlú rẹ̀.

Obìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, tí ó wá kí àwọn ẹbí rẹ̀ nílé, ni ó bá mi lẹ́yìn ìrun alásárì ní ọjọ́ kan tí ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fún mi. Ọmọ ọdún 15 ni. Ní ilé ìwé rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì bi í pé kí ni àwọn Mùsùlùmí kọ́ rí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ó délé, ó bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà, ìyá náà kò sì rí èsì fọ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ mìíràn níta.

"Alfa," ni obìnrin náà wí, "mo rò ó títí, mo rí i pé ẹnu mi kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ni mo bá gba ìsimi ọjọ́ mẹ́rin, mo ní kí a jọ lọ wo Granada."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́, ti èkejì sì dára. Nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wa àti àwọn àbúrò wa ni ó ń gbé ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì ń mú ọmọ jáde fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà ìsimi ilé ìwé, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi ohun tí mo ti kà nípa ìlú náà kún un.

KÍ NI Ó WÀ NÍ GRANADA?

Granada wà ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Sierra Nevada, tí yìnyín máa ń bo orí wọn nígbà òtútù. Ọdún 711 ni àwọn Mùsùlùmí gba orí omi wọ ilẹ̀ Sípéènì láti Àríwá Áfíríkà, wọ́n sì pe ibi tí wọ́n ń ṣe ìjọba lé lórí ní Al-Andalus. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ọba Kristẹni ń gba ilẹ̀ náà padà ní díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba Córdoba ní ọdún 1236, wọ́n gba Seville ní 1248. Granada nìkan ni ó kù lọ́wọ́ àwọn ọba Mùsùlùmí, ìdílé tí à ń pè ní Banu Nasr ni ó sì ń jọba níbẹ̀. Muhammad ibn al-Ahmar, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin sórí òkè ní ọdún 1238. Al-Hamra ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí "èyí pupa", nítorí àwọ̀ ògiri rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Alhambra.

Ó ju igba ọdún àti àádọ́ta lọ tí ìdílé náà fi wà lórí oyè. Ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1492 ni ọba tí ó kẹ́yìn nínú wọn, Abu Abdullah, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní Boabdil, fi ìlú lé Isabel ayaba àti Fernando ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò wó ààfin náà. Wọ́n rí i pé ó dára, wọ́n kó wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi wà títí di òní, tí àjọ UNESCO sì fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 1984.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú náà jìnnà sí àwa ènìyàn dúdú. Abu Ishaq as-Sahili, akéwì ọmọ Granada, ni ó pàdé Mansa Musa ọba Mali ní Mẹ́kà nígbà Hájì ọdún 1324, tí ó bá a padà sí Mali, tí ó sì kú sí Timbuktu ní 1346. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó sọ pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú kíkọ́ mọ́ṣáláṣí Djinguereber tí ó ṣì dúró ní Timbuktu. Bẹ́ẹ̀ náà ni al-Hasan al-Wazzan, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Leo Africanus: Granada ni wọ́n bí i sí, ó dé Timbuktu, wọ́n sì tẹ ìwé tí ó kọ nípa Áfíríkà ní Venice ní ọdún 1550. Obìnrin náà kò mọ ìtàn méjèèjì yìí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ó ní bí òun bá ti mọ̀ ọ́n ni, inú ọkọ̀ òfurufú ni òun ìbá ti sọ ọ́ fún ọmọ.

ÌRÌN ÀKỌ́KỌ́

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n lọ. Ìyá ni ó ṣe gbogbo ètò. Òun ni ó yan ọjọ́, òun ni ó yan òtẹ́ẹ̀lì, òun ni ó di ẹrù, nítorí ó fẹ́ kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ọmọ. Ní oṣù náà, ooru Granada a máa ju ìwọ̀n 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oòrùn ibẹ̀ kò kéré sí ti Ṣókótó. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gun òkè Alhambra ní agogo méjìlá ọ̀sán, ìyá níwájú, ọmọ lẹ́yìn, okùn fóònù ní etí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ti òní ti tán, ti ọ̀la ti tán, ti ọ̀túnla náà ti tán.

Apá kan wà lórí òkè náà tí ènìyàn lè wọ̀ láìsanwó. Wọ́n kọjá lábẹ́ Ẹnu-ọ̀nà Ìdájọ́, tí Yusuf Kìíní kọ́ ní ọdún 1348, wọ́n sì wọ ààfin ńlá kan tí àgbàlá rẹ̀ rí róbótó. Ìyá ní, "Ṣé o rí i báyìí?" Ọmọ wò ó yípo, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó, ó sì wí pé, "Màmá, èyí kì í ṣe tiwa. Ọmọ-ọmọ àwọn tí ó gba ìlú lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́ ọ." Òtítọ́ sì ni ọmọ sọ. Ààfin Carlos Karùn-ún ni, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1527. Ààfin àwọn Banu Nasr wà lẹ́yìn ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kò lè wọ̀ ọ́.

Wọ́n padà sí London. Ọmọ kò sọ gbólóhùn mẹ́wàá ní ọ̀nà. Ìyá ní ẹkún ń gbọ̀n òun nínú bààlúù, kì í ṣe nítorí owó tí ó ṣègbé, bí kò ṣe nítorí pé ọmọ lọ bí ó ti wá.

TÍKẸ́Ẹ̀TÌ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ RÀ

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, nítorí òun ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ìjọba fi òǹkà sí iye ènìyàn tí ó lè wọ ààfin náà lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ni tíkẹ́ẹ̀tì ti máa ń tán, pàápàá nígbà ìsimi. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra ti bààlúù kí ẹ tó máa wá ti Alhambra. Ti Alhambra ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, lórí ìkànnì àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fúnra wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tí ń rà á tà ní ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bààlúù tí ó bá ọjọ́ náà mu.

Ẹ wo ohun tí ẹ ń rà dáadáa. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí owó rẹ̀ kéré, ọgbà àti odi ológun nìkan ni ó wà fún. Kò dé inú ààfin. Èyí tí ó pé ni ó ní ààfin àwọn Nasr nínú, wákàtí tí ẹ óò sì wọlé ni wọ́n kọ sí i lára. Bí wọ́n bá kọ agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ ní ìdajì wákàtí láti wọlé. Bí ẹ bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Orúkọ tí ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, kí ẹ sì mú pásípọ́ọ̀tù náà dání dé ẹnu ọ̀nà. Àwa tí a ń jẹ́ Aṣíátù nílé, tí ìwé wa ń jẹ́ Aishat, tí ilé ìfowópamọ́ sì mọ̀ wá sí Àyìṣá, kí a ṣọ́ra níbí.

Ti ìwé ìrìnnà náà ń kọ́? Ẹni tí ó ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún irú ìrìn kúkúrú yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ṣe pásípọ́ọ̀tù náà kò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ nígbà tí ó bá wọlé, ó sì gbọdọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ó tó kú, láti ọjọ́ tí yóò kúrò níbẹ̀. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í lò ju ọdún márùn-ún lọ, òun sì ni àwọn òbí máa ń gbàgbé. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú àwọn àlejò, tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka wọn ní ẹnu ibodè. Ọmọ tí kò tíì pé 12 kì í tẹ̀ka, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́langba yóò tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ tètè dé pápákọ̀.

Ẹni tí ó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìbáà ṣe London ni ó ń gbé, yóò gba físà Schengen. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà àti fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 12. A kò lè béèrè rẹ̀ ṣáájú oṣù mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tí ó dín ní 15. Wọ́n tún ń béèrè ìwé adójútòfò ìlera tí iye rẹ̀ kò dín ní 30,000 yúrò. Ohun kan tún wà tí ó kan ẹ̀yin ìyá ní pàtàkì. Bí orúkọ ìdílé ìyá àti ti ọmọ kò bá jọ ara wọn, ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání. Bí ó bá jẹ́ àbúrò ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ni yóò mú un lọ, kí òbí kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kí ó fọwọ́ sí i. Wọ́n dá obìnrin yìí dúró nígbà tí wọ́n padà dé London, wọ́n ń bi ọmọ pé ta ni obìnrin tí ó mú un wá. Inú bí i. Ṣùgbọ́n àwọn ajọ́mọgbé ni wọ́n ń wá, kì í ṣe òun.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìwé: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí tí ó bá mú ọmọ kúrò ní ilé ìwé fún ọjọ́ márùn-ún láìgba àyè lè san owó ìtanràn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, pọ́n-ùn 80 ni fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì di 160 bí kò bá san án láàárín ọjọ́ 21. Ìsimi àárín sáà ní oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kejì ni ó dára jù. Ooru ti dínkù ní àkókò méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ mú aṣọ òtútù dání, nítorí orí ilẹ̀ gíga ni Granada wà.

ÌRÌN KEJÌ

Ní ọdún kejì, obìnrin náà yí ọwọ́ padà. Ó pe ọmọ jókòó, ó gbé iye owó tí ó ní kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ kan pa mọ́. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni a ní. Ọjọ́ kan jẹ́ ti Alhambra, èmi ni mo yan ìyẹn. Ọjọ́ kan jẹ́ tìrẹ, ohun tí o bá wí ni a óò ṣe. Ọjọ́ tí ó kù, a jọ máa jà sí i." Ọmọ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń tàn án. Nígbà tí ó rí i pé òtítọ́ ni, ó gba ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Òun ni ó rí i pé ó dára kí wọ́n wọ bààlúù lọ sí Málaga, ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta láti London, kí wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì bíi wákàtí méjì dé Granada, nítorí owó bààlúù Málaga kéré, ó sì ń lọ lójoojúmọ́. Òun ni ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé àpò kékeré tí ó wọ abẹ́ àga ni wọn kì í gba owó lé lórí. Ìyá tí ó ti di àpótí kalẹ̀ ni ó tún un tú.

Ọ̀rọ̀ Córdoba fẹ́ fa ìjà. Ìyá fẹ́ kí wọ́n yà wò ó. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí Abd al-Rahman Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 785 wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ti ń fi í ṣe láti 1236. Àlejò ń wò ó, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí Mùsùlùmí kírun nínú rẹ̀. Ọmọ ní ọjọ́ mẹ́ta kò tó fún ìlú méjì. Èmi náà gbè sẹ́yìn ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìlú mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ìsimi rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, wọ́n sinmi, wọ́n sì rìn ní Albaicín, àdúgbò àtijọ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń gbé, tí ọ̀nà rẹ̀ tóóró tí ó sì ń gòkè. Bọ́ọ̀sì pupa kékeré máa ń gun ibẹ̀ fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò le. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede San Nicolás, ni mọ́ṣáláṣí tuntun wà tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2003, lẹ́yìn ohun tí ó ju 500 ọdún lọ tí wọn kò ti kọ́ irú rẹ̀ ní ìlú náà. Wọ́n kírun mọ̀gàríbà níbẹ̀. Láti inú ọgbà rẹ̀, ẹ óò rí gbogbo Alhambra ní òdìkejì àfonífojì bí oòrùn ti ń wọ̀. Arìnrìn-àjò ni yín, ẹ ní àǹfààní láti ké ìrun kúrú, ẹ má ṣe fi ìyà jẹ ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù Kẹfà, ó máa ń kọjá agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ níbẹ̀.

Oúnjẹ ni kí ẹ là ojú sí. Àwọn ará Sípéènì fẹ́ràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀. Ní Granada, bí ẹ bá ra ohun mímu, wọ́n á gbé àwo oúnjẹ kékeré kan wá lọ́fẹ̀ẹ́, inú ọmọ á dùn, ẹ ó sì rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ méjì yìí: "sin cerdo", láìsí ẹlẹ́dẹ̀, àti "sin alcohol", láìsí ọtí. Èyí tí ó máa ń tan ènìyàn jù ni àkàrà dídùn tí wọ́n ń pè ní mantecado, nítorí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń pò ó. Bí ẹ bá rí "manteca de cerdo" lára páálí, ẹ dá a padà. Ẹja díndín wà, ọ̀dùnkún tí wọ́n fi ẹyin dín wà, àwọn ará Mòrókò sì ní ilé oúnjẹ àti ilé tíì ní òpópónà Calderería Nueva. Ẹ béèrè bóyá ẹran wọn jẹ́ halal kí ẹ tó jókòó. Ọ̀sán kì í yá níbẹ̀ títí di agogo méjì, alẹ́ kì í yá kí ó tó di agogo mẹ́sàn-án. Kí ẹ ní búrẹ́dì àti èso nínú àpò, nítorí ọ̀dọ́langba tí ebi ń pa kò ní wo ààfin kankan.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ti ọmọ. Ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí Parque de las Ciencias, ilé àwòyanu ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1995, wọ́n sì tún lọ wo ìta pápá bọ́ọ̀lù Los Cármenes. Ìyá kò mọ ohun tí ó wà lára ògiri pápá tí ènìyàn fi ń ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe àdéhùn, kò sì ráhùn. Ní ọ̀nà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kan: kí wọ́n máa wá ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó sá pamọ́ sínú èdè Sípéènì. Azúcar ni ṣúgà, láti ara sukkar. Aceituna ni èso ólífì, láti ara zaytuna. Olórí ìlú ni alcalde, láti ara al-qadi, òun náà ni àwa Yorùbá ń pè ní alùkáálì. Èyí ya ọmọ lẹ́nu, pé ìyá òun ní Ìbàdàn àti òyìnbó Granada jọ ń lo ọ̀rọ̀ kan.

Ní ọjọ́ kẹta, agogo mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n ti dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ yìí ti lọ sí ilé kéú títí di ọmọ ọdún 10 kí ó tó ní ó sú òun. Nígbà tí wọ́n wọ inú ààfin, ó dúró níwájú ògiri kan, ó fa okùn fóònù kúrò ní etí. Ìyá rò pé nǹkan ṣe é. Ó ń fi ìka tọ lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri lókèèrè, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó sì kà á jáde: Wa la ghaliba illallah. Kò sí aṣẹ́gun kan àyàfi Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọba náà fi ṣe àmì ìdílé wọn nìyẹn. Ó wà lára ògiri, ó wà lára igi, ó wà lókè òpó. Àwọn òyìnbó tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń wò ó bí òdòdó lásán. Obìnrin kan nínú wọn bi ọmọ náà bóyá ó lè kà á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá ní òun yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí ó rí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé Àgbàlá àwọn Kìnnìún, tí Muhammad Karùn-ún kọ́, ó ti sọ iye nù. Kìnnìún 12 tí wọ́n fi òkúta funfun gbẹ́ ni ó ru àwo omi ńlá sí ẹ̀yìn, omi ń jáde ní ẹnu wọn, òpó 124 sì yí wọn ká. Láti inú odò Darro ni àwọn Mùsùlùmí ti la ojú omi dé orí òkè náà láìsí ẹ̀rọ kankan. Ọmọ fẹ́ mọ bí wọ́n ti ṣe é. Ìyá kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ wá a jáde nínú fóònù rẹ̀, ó jókòó sórí òkúta ní ọgbà Generalife, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí.

Mo bi obìnrin náà bóyá ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ nílé báyìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣì ń jẹun ní òru, kò sì tíì jẹ́ ìpè ẹ̀ẹ̀kan rí. Ṣùgbọ́n ó ti wá bá òun pé Istanbul ni kí àwọn lọ ní ọdún tí ń bọ̀, òun sì ti wo iye owó tíkẹ́ẹ̀tì.